Re: "Fàdákà olómi": ta ló bu omi sí i?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Bọ̀dá wa tó túmọ̀ wíwọ̀n mákúrì (irin tó ń ṣàn, tó ń dán bíi fàdákà) inú omi òkun, ìyẹn "trace mercury" lédè Gẹ̀ẹ́sì, sí "ìdíwọ̀n àmì fàdákà olómi" lálẹ́ àná, ẹ má bínú sí mi. "Olómi" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Oní àti omi ló di olómi, ohun tí omi wà nínú rẹ̀ la sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá mi àgbà fi ọbẹ̀ títà tọ́ ọmọ. Ẹni tó bá pe ọbẹ̀ wọn ní olómi, ìjà dé nìyẹn. Ẹ ní a ń pe ọṣẹ kan ní ọṣẹ olómi. Omi wà nínú ọṣẹ yẹn! Èwo ló wà nínú mákúrì? Nígbà tí témómítà fọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa, mo fọwọ́ kan mákúrì inú rẹ̀. Ó pín wẹ́wẹ́, ó ń yí gbirigbiri lórí tábìlì, ìka mi kò rin. (Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò o, májèlé ni.)

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n gan-an tako ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìlànà 1631 ti EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní bromine chloride ni wọ́n á kọ́kọ́ dà sínú omi náà, kí mákúrì lè kúrò lára ohun tó dì mọ́. Wọ́n á fi èròjà tíìnì sọ ọ́ di ògidì mákúrì, wọ́n á fẹ́ gáàsì gba inú omi, mákúrì á bá gáàsì jáde, wúrà á sì mú un. Wọ́n á wá fi iná sí wúrà, kó tú u sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni nígbà tí ẹ̀rọ kà á. Níbo ló ti ṣe olómi?

"Àmì" tí ẹ fi túmọ̀ "trace" ńkọ́? Ojú ló ń rí àmì. Mákúrì inú lítà omi agbami kan kì í sábà tó náánógíráàmù kan, bẹ́ẹ̀ ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni náánógíráàmù. Ní Minamata, ní Jàpáànì, níbi tí ẹja tó ní mákúrì nínú ti ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá, ara ológbò tí gìrì ń mú àti ara ọmọdé tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́ ni àmì ti hàn ní 1956. Èyí tó wà nínú omi, bíńtín ni. "Mákúrì bíńtín" ni kí a pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ yọ "olómi" kúrò kí ẹ tó kó o sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.