Ẹ bá mi dárúkọ ìwé tó yẹ kó wà nílé: ìtàn àròsọ, fíìmù, sáyẹ́ǹsì, ìtàn ìdílé

ỌmọAlárèÒde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè ni mo ní, ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Oṣù méjì sẹ́yìn la sin Màmá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tá a wá ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ la bá rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí wọ́n máa ń kun òdòdó sí lára láyé àtijọ́, ọ̀dà ẹ̀ ti ń bó. Gbogbo wa rò pé aṣọ òkè ló wà nínú ẹ̀, àṣé ìwé ni. Ìwé àjọ tí Màmá fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ará ọjà, rìsíìtì owó orí bàbá àgbà, fọ́tọ̀ àwọn obìnrin méjìlá tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ tá ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí Màmá, àti ìwé kékeré kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn sí. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé àwọn làkọ́bí. Orúkọ méjì ló ṣáájú tiwọn nínú ìwé yẹn, àgbélébùú kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹni ọdún 68 ni bàbá mi. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, wọn ò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Látọjọ́ yẹn ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kọ ìtàn ilé wa sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ tán, àmọ́ kí n sọ òótọ́, a kì í kàwé nílé wa, mo sì fẹ́ kí ìyẹn yí padà. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan ọdún 11, ọ̀kan ọdún 14, orí fóònù ni wọ́n wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ti ní kí kápẹ́ńtà kan ṣe ṣẹ́lífù sí pálọ̀. Ẹ bá mi dárúkọ ìwé tó yẹ kó wà níbẹ̀, mi ò wá ìwé ìdánwò o, ìtàn àròsọ, ti fíìmù, ti sáyẹ́ǹsì, èyí tó dá lórí ìdílé, Yorùbá ni o òyìnbó ni o. Ojú bàbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, a máa máa kà á sókè fún wọn ni. Owó ọwọ́ mi á ra bí ìwé mẹ́wàá, torí náà kó jẹ́ èyí tẹ́yin fúnra yín ti kà.

TíṣàÌṣarà

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sáfẹ́fẹ́ ire. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ àpótí yẹn torí ó jọ nǹkan tí mo mọ̀. Wọlé Ṣóyínká kọ ìwé kan, Ìsarà: A Voyage Around Essay, 1989 ló jáde. Àpótí páànù ni tiẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá ẹ̀ kú ló ṣí àpótí tí wọ́n fi sílẹ̀, ó bá lẹ́tà, rìsíìtì, ìwé àkọsílẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé nínú ẹ̀, òun ló wá fi hun ayé tí bàbá ẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn gbé nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Tíṣà ni bàbá yẹn, ọmọ Ìṣarà wa níbí. Ó yí orúkọ wọn padà sí Ṣódìtán nínú ìwé náà, ibi tí àpótí ò sì ti sọ̀rọ̀, ó fi ọkàn ara ẹ̀ rò ó, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ò tẹ̀ lé ọdún bó ṣe tò gẹ́lẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ fún ẹ nìyẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ò lè pé láéláé, má sì torí ẹ̀ dúró.

Òyìnbó inú ẹ̀ nípọn sha, ìwọ ni kó o kà á, kó o máa sọ ọ́ fún bàbá ẹ ní Yorùbá. Èyí tí àwọn ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ ni Aké, ìtàn ìgbà èwe Ṣóyínká kan náà, 1981 lòyìnbó ẹ̀ jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, ti Yorùbá yẹn ni kó o wá. Abẹ́òkúta ló dàgbà sí àmọ́ wọ́n máa ń wá sílé bàbá àgbà ní Ìṣarà, ibi tí bàbá àgbà ti ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un lọ́rùn ẹsẹ̀, ọmọ 11 tó bá ka ibẹ̀ á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbà tiẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938 ṣáájú, Igbó Olódùmarè ti 1949 tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn máa ń kà wọ́n bíi pé ọ̀rọ̀ iwin àti ọdẹ nìkan ló wà níbẹ̀, wọn ò ṣàkíyèsí pé Àkàrà-ògùn ló ń sọ ìtàn ara ẹ̀ nínú àkọ́kọ́, tó bá wá di ìkejì ìtàn Olówó-ayé bàbá ẹ̀ ló ń sọ. Ìtàn ìdílé ni! Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì, ìwé yẹn ò ṣeé fojú kà ní jẹ́ẹ́jẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń kà á, kẹ́ni tó ń kà á gbé ohùn sókè kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ti dùn jù ni kó o ti pa ìwé dé lálẹ́, wàá rí i pé àwọn ló máa wá ẹ wá lọ́jọ́ kejì.

Ìkìlọ̀ kan. Wọ́n á sọ fún ẹ pé kó o ra The History of the Yorubas ti Samuel Johnson. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò bù ú kù. 1897 ló parí ẹ̀, ìwé náà sọ nù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nílùú òyìnbó, Johnson kú, àbúrò ẹ̀ Obadiah ló tún un tò látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ó di 1921 kó tó jáde. Àmọ́ lọ wo ohun tó kọ nípa àwa Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Ó ní àwọn tí ọba Ìbìní fi bọ òkun la ti ṣẹ̀, pé Ìjẹ-ibú lorúkọ wa, oúnjẹ ibú. Mi ò ní gbé ìyẹn fún ọmọ mi láìtíì sọ ìtàn Ọbańta, ọba Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, fún un.

ỌmọÒṣòsà

Ẹ kú ìnáwó o. Tíṣà ti sọ ti ìwé ìtàn, ti fíìmù ni tèmi, torí Òṣòsà ni mo ti wá, ìlú Hubert Ògúndé. Ẹ wá ìwé tí Ẹ̀bùn Clark kọ nípa wọn, Hubert Ogunde: The Making of Nigerian Theatre, 1979. Ọlọ́pàá ni Ògúndé kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, 1944 ló gbé eré ẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ìtàgé ní Glover Hall l'Ékòó, eré ìjọ ni. Béèyàn bá ń tọ àwọn eré yẹn lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń jáde, ìtàn orílẹ̀-èdè yìí gan-an ló ń tọ̀. Òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ó ṣe Strike and Hunger. Wọ́n yìnbọn pa àwọn awakùsà ní Enugu ní 1949, ó ṣe Bread and Bullet lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin dè é. Èyí wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọdún tí ìwé yẹn jáde náà ni fíìmù Aiyé jáde, torí náà fíìmù gan-an lẹ máa fi parí ẹ̀: Aiyé, Jáíyésinmi 1980, Àròpin N'Tènìyàn 1982, Àyànmọ́ 1988. Mo ṣì kéré nígbà tí bàbá mi mú wa lọ wo Aiyé nínú gbọ̀ngàn kan, orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí, aṣọ funfun ni wọ́n ta sára ògiri tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ tí ojú àwọn òṣèré ń rúnjọ tó tún ń nà, nígbà tí àwọn àjẹ́ wá jáde, ìyá kan níwájú wa tú gèlè orí ẹ̀, ó fi bo ojú ọmọ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ wá ń wo ó lọ láìṣẹ́jú. Gèlè yẹn ni mo rántí jù. Aláwọ̀ ewé ni.

Ẹ tún so ìwé pọ̀ mọ́ fíìmù. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974 ni ìwé, 1997 ni Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, Àjàní àtàwọn obìnrin mẹ́ta, ọmọ 14 lè kà á, ti 11 kó ṣì dúró. Ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó wò ó o, ibi tí fíìmù bá ti yàtọ̀ sí ìwé, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ jọ jiyàn lórí ẹ̀. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí náà wà, òun ni wọ́n fi ṣe Ìjà Òmìnira. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa wo fóònù, ojú fóònù yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti mú un.

Nọ́ọ̀sìṢágámù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ Màmá. Méjì péré ni tèmi àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ wọ́n kúrò nínú mẹ́wàá yín.

The Immortal Life of Henrietta Lacks, Rebecca Skloot ló kọ ọ́, 2010. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, ọlọ́mọ márùn-ún, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló pa á ní 1951, ẹni ọdún 31. Dókítà bu díẹ̀ lára kókó náà láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ ò wá kú, ṣe ni wọ́n ń bí sí i nínú ìgò, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni HeLa, àwọn ni wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò, wọ́n ṣì wà nílé àyẹ̀wò káàkiri ayé dòní. Ó lé lógún ọdún káwọn ọmọ ẹ̀ tó gbọ́. Èyí tí mo torí ẹ̀ ronú kan yín ni Deborah, ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ní ẹ̀gbọ́n kan tí ò rántí, Elsie, ọmọdé ló kú sí nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e sí. Òun àti òǹkọ̀wé náà jọ lọ tú ìwé àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n rí fọ́tọ̀ ọmọ náà. Ẹ ka ibẹ̀ fún Bàbá, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá a kà, torí fọ́tọ̀ yẹn ò rọrùn láti gbọ́ ìròyìn ẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 2017, Oprah Winfrey ló ṣe Deborah.

Ìkejì ni The Gene ti Siddhartha Mukherjee, 2016. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni lóòótọ́ àmọ́ àìsàn ọpọlọ tó ń yọjú nínú ìdílé bàbá ẹ̀ ní Íńdíà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó gùn, ẹ máa mú un díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn rèé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì kú kí wọ́n tó bí mi, àbíkú ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, ìyá mi sì gbé e sára pé nǹkan kan lòun ṣe. Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo mú àwọn méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, AS ni bàbá mi, AS ni ìyá mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, mo kó èkùrọ́ mẹ́rin sílẹ̀, mo ní gbogbo oyún tí ẹ bá ní, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ló ń ṣeé ṣe kó jẹ́ SS, fòníkú-fọ̀ladìde, bẹ́ẹ̀ náà ni fún èyí tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe pé tí ọ̀kan bá ti kú ó tán. Ìyá mi mú èkùrọ́ kan níbẹ̀, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé mo ṣẹ ẹnì kan?" Mo ní rárá, Màámi. Mi ò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiyín nìyẹn o, ibà, èéyi, nǹkan pọ̀ tó ń pa ọmọdé nígbà yẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ ìtàn ilé yín, ẹ kọ ti àìsàn náà sí i, ohun tí wọ́n ní ó ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ orí tó wà. Àwọn ọmọ yín á nílò ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́yàwó.

ÌpẹrùDéÈkó

Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o, mo gbà pé Johnson ṣẹ̀ wá, àmọ́ mo fẹ́ kí ọmọ 14 kà á. Kó ka ojú ìwé yẹn gan-an, kẹ́ ẹ wá gbé The Ijebu of Yorubaland ti Ayándélé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, 1992, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1850 dé 1950, ogun Ìmágbọ̀n tí òyìnbó bá wa jà ní 1892 wà nínú ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kó wọn lọ Òkè-Ẹ̀rí lọ wo Èrèdò Ṣùngbọ́, yàrà tó tó 160 kìlómítà yíká, kí wọ́n dúró nísàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n wòkè. Ọmọ tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé oúnjẹ ibú ni.

Ti ìṣirò: Africa Counts, Claudia Zaslavsky, 1973. Ó sọ̀rọ̀ nípa òǹkà Yorùbá. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ló dé tí 45 fi ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta: ogún mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ márùn-ún. Bàbá á gbádùn ìyẹn.

ỌmọAlárèÒde

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín, Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ó ti pé oṣù kan, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo ti rí mẹ́fà rà, méjì nínú ẹ̀ àlòkù. Ti Henrietta, mo kọ́kọ́ dá a kà bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ti Elsie fún Bàbá lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí. Wọn ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n gbé ìwé Màmá wá, kí ọmọ mi tó jẹ́ 14 mú ìwé tuntun tá a fẹ́ fi kọ ìtàn ilé wa, kó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí òkè, kó wá kọ tàwọn sí ìlà kẹta. Ọmọ yẹn ti fi tiwọn ṣe àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀, ó ya ojú ewé náà, ó tún un kọ.

Igbó Olódùmarè là ń kà báyìí. Ọ̀rọ̀ ti Tíṣà sọ pé ká pa á dé níbi tó dùn ti di ìjà nílé wa. Ẹ̀dà tí mo rà ní ewé méjì tó ti já láàárín, mo fẹ́ fò ó, Bàbá ní rárá, àwọn á dúró. Ẹni tó bá ní tiẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tọ̀ ojú ìwé 61 sí 64 ránṣẹ́.