Ọjọ́ kan ṣoṣo fún Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, ṣé ó lè ṣeé ṣe?

Ìyá Kọ́yà: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn fẹ́ lọ wo àwọn ibi tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwa 28 la ti dáwó, àwọn tó ti lé ní 70 ọdún sì pọ̀ nínú wa. Alága ní ká jí lọ sí Àgbádárìgì, ká gba Abẹ́òkúta bọ̀, ká wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Dérẹ́bà: Ẹ má dán an wò, màmá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì Tú l'Ékòó nìkan lè jẹ ìdajì ọjọ́ yín. Abẹ́òkúta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba Ọ̀tà sí Àtan, kẹ́ ẹ já sí Àgbàrá, ẹ ò tiẹ̀ ní fojú kan Máìlì Tú. Kí kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ dání o, àwọn aṣọ́bodè pọ̀ lójú títì yẹn.

Ọmọ Aké: Ẹ bá mi sọ fún alága pé Abẹ́òkúta kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbà kọjá! January 1843 ni Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, wọ̀lú, tí Ṣódẹkẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1846 òun àti Àjàyí Crowther jọ dé, ibẹ̀ ni Àjàyí sì ti rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n kó wọn lẹ́rú l'Óṣoogùn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde, omijé nìkan ló ń dà. Ní 1848 ìyá náà ṣèrìbọmi. Ẹ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's l'Áké, kẹ́nì kan sọ ìtàn yẹn fáwọn ìyá. Ìyẹn ju ká máa ya fọ́tò lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú o. Tí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Sátidé yín, ìta lẹ máa dúró sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n á ti máa tọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìtàn lè dúró.

Ará Etí Ọ̀sà: Àgbádárìgì ńkọ́? Kí wọ́n má retí igi. Igi Àgíà ti wó láti 1959, ọwọ̀n ìrántí lẹ máa bá níbi tí Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù ní September 1842. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà tí wọ́n sì parí ní 1845, ò jìnnà sí etí ọ̀sà. Àwọn tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ò gbọ́dọ̀ fi dandan gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Kànga àtijọ́ wà nínú ọgbà tí wọ́n lè wò nísàlẹ̀. Ní ti Gbẹ̀rẹ̀fù, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tún fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn lójú oòrùn. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní kó àgbàlagbà débẹ̀.

Àgbà Ìjọ: Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mélòó nínú yín ló ti dé Kúdẹtì rí? Ibẹ̀ ni míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853. Inú ilé ara rẹ̀ ni Anna ti ń tọ́ àwọn ọmọdé tó ń kọ́ níwèé. Nígbà ogun Ìjàyè, tí ọ̀nà dí pa, ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí nǹkan jẹ. Ìyá tí kò bá lè rìnrìn àjò lè wo ṣọ́ọ̀ṣì St. David's tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án kan, kó sì padà wá jẹun nílé.

Ìyá Kọ́yà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Kúdẹtì la máa fi bẹ̀rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Àwọn tó lágbára á wá lọ sun Abẹ́òkúta. A ti yọ Gbẹ̀rẹ̀fù. Ó ku bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún alága.

Bàbá Dérẹ́bà: Ẹ ní dérẹ́bà ló sọ bẹ́ẹ̀.