Téèpù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan láti Ìkéré, 1974: kí a tún un ṣe, àbí kí a gbé e jáde bó ṣe wà?

ỌmọOlósùnta

Mo kí gbogbo ilé o. Àbúrò bàbá mi tó papò dà ní ọdún tó kọjá fi àpótí kan sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Ìkéré-Èkìtì, nígbà tí a sì ṣí i, téèpù ńlá onírólù méjì àti àwo orin kékeré kan ni a bá níbẹ̀, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama nígbà náà ló kọ orin inú wọn. Èkó ni wọ́n ti ṣe àwo náà ní 1973, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkéré ni wọ́n ti gba ti téèpù sílẹ̀ ní 1974, kò sì sí ẹni tó gbé e jáde rí. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tan, wọ́n sì yá dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó gba ìṣẹ́jú 17, tí ìlù rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó parí, èdè Èkìtì gidi ni wọ́n sì fi kọ ọ́: "ulé" ni wọ́n ń pè, kì í ṣe "ilé".

Méjì péré ló ṣẹ́ kù láyé nínú wọn, ẹni tó ta gìtá béèsì, tó wà ní Adó, àti olórin, tó wà ní Ìjerò. Oníṣòwò kan ní Èkó fẹ́ tẹ 300 àwo, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí a fi ìlù jáàsì tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kí a sì nu gbogbo ariwo kúrò, títí kan ajá tó ń gbó ní ìparí. Ohun mìíràn tó ń kọ mí lóminú ni pé nígbà tí bàbá olórin gbọ́ apá tí mo gbà sórí fóònù, wọ́n ní àwọn kọ́ nìyẹn, pé ohùn àwọn kò tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ìṣẹ́jú méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ gbọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni mo ṣì ń fi pamọ́ títí gbogbo ẹbí yóò fi fohùn ṣọ̀kan. Kí ni kí n ṣe?

BàbáẸ̀rọ

Àbúrò, ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún fi téèpù yẹn sí ẹ̀rọ kankan mọ́ fún ìgbà díẹ̀ ná. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé rédíò ni mo fi ọdún 31 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí téèpù tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí àwọn fi tọ́ ọ wò ni ó parí ayé rẹ̀.

Ẹ gbé rólù náà síwájú iná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ yọ, àsítéètì ni, irú ike àtijọ́ kan. Bí kò bá yọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ polyester, ike tó lágbára jù ú lọ. Àsítéètì a máa gbẹ, a máa rùn bí ọtí kíkan, bó bá sì já, gééré ni yóò já. Ní ti polyester, yóò fà gùn kó tó já. Bó bá jẹ́ polyester, tó sì ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ tó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń yan án ní ìwọ̀n ooru 54 ti Celsius fún nǹkan bí wákàtí 8, nínú àpótí tí a lè ṣọ́ ooru rẹ̀, kó lè ṣeé gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a ó fi dà á kọ. Kì í ṣe inú ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì ìyàwó yín o. A kì í sì í yan àsítéètì láéláé. Tí ẹ bá ti gbà á sínú kọ̀ǹpútà ní 24-bit àti 96 kHz, ìyẹn ìwọ̀n tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀dà yẹn mọ́. Àwòkọ rẹ̀ ni kí ẹ máa tún ṣe.

TáyéKọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbé ìṣẹ́jú méjì náà yẹ̀ wò nínú kọ̀ǹpútà mi. Iná tó ń kùn lábẹ́ orin náà wà ní 50 hertz gẹ́lẹ́, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí iná Nàìjíríà ṣe yẹ kó rí, nítorí náà ìyára téèpù náà tọ́. Ẹ dárí jì mí, ó lè jẹ́ pé bàbá ló ti gbàgbé ohùn ìgbà èwe wọn.

BàbáẸ̀rọ

Táyé ọmọ mi, etí rẹ dára, ṣùgbọ́n iná yẹn ń parọ́ fún ọ ni. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún gìtá níná náà ló ń yí mọ́tò ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá rọ̀ wá sí 47 hertz, ìkùn náà yóò rọ̀, téèpù pẹ̀lú yóò sì falẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Tí a bá wá fi ẹ̀rọ tó ń rìn déédéé gbọ́ ọ lónìí, ìkùn yóò padà sí 50 bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo ohùn olórin àti ti gìtá yóò ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni méjì tó jọ mu nínú igbá ẹmu kan, èwo nínú wọn ni yóò jẹ́rìí pé èkejì kò yó?

Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni kò mu nínú igbá yẹn. Atẹ́gùn ló ń lò, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ló sì ń pinnu ohùn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ìbáà sáré, ìbáà kú. Àbúrò, ṣé dùùrù náà ṣì wà?

ỌmọOlósùnta

Ó wà, sà! Wọ́n ń gbé òdòdó lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. N ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ní ti òfin ńkọ́? Oníṣòwò náà ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, pé kò sí ẹni tó lè bi wá léèrè mọ́.

AmòfinAdó

Ìdajì òótọ́ ló sọ fún yín. Lábẹ́ Òfin Copyright ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì gbé jáde máa ń parí nígbà tí ọdún 50 bá pé lẹ́yìn òpin ọdún tó kọ́kọ́ jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé ti àwo 1973 yẹn parí ní òpin 2023. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ yàtọ̀ sí orin tí ẹnì kan jókòó hun. Ẹ̀tọ́ ẹni tó hun orin ń bẹ títí di ọdún 70 lẹ́yìn òpin ọdún tó kú, bí òun kò bá sì sí mọ́, àwọn àrólé rẹ̀ ló ni ín. Bàbá Ìjerò wà láàyè, wọ́n sì ń jẹun lọ́wọ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ àwọn ló hun orin náà, láìsí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kí oníṣòwò yín má tẹ àwo kan ṣoṣo. Ní ti téèpù tí kò jáde rí, ẹ má fi ìṣirò ọdún ṣe é rárá: ẹ kó àwọn méjèèjì tó wà láyé àti ẹbí àwọn mẹ́ta yòókù jọ, kí gbogbo wọn buwọ́ lùwé, kí ẹ sì kọ ìdá tí yóò kan oníkálukú sínú rẹ̀ kí owó tó wọlé.

AkówòjọÌkọ̀lé

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ìlù tuntun yẹn, nítorí òun ló ń bí mi nínú jù. Ìkọ̀lé ni mo ń gbé, ìlú tí wọ́n bí olórin Orlando Julius sí ní 1943, mo sì fi ojú mi rí i bí àwọn àjèjì ṣe ń fi owó gọbọi wá àwo tó ṣe ní 1966. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Soundway kó rọ́ọ̀kì Nàìjíríà jọ ní 2008, tí ilé-iṣẹ́ Now-Again náà sì gbé àkójọ méjì jáde ní 2016, tí Uchenna Ikonne kọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ náà, ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, níbi tí gìtá ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ nígbà ogun abẹ́lé àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá tiwa, ẹgbẹ́ BLO ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, ìyẹn Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, tí ilé-iṣẹ́ àwo EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Èkó ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń kó àwo jọ, n kò tíì gbọ́ ẹgbẹ́ kan tó fi ẹnu Èkìtì kọ rọ́ọ̀kì oníṣẹ́jú 17, pẹ̀lú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ tún wò ó: ọ̀pọ̀ irú àwo báyìí ló jẹ́ pé láti ara àwo àtijọ́ tó ti ha ni wọ́n ti tún un ṣe, nítorí pé téèpù rẹ̀ ti sọnù. Ẹ̀yin ní téèpù lọ́wọ́, ẹnì kan wá fẹ́ kan ìlù tí wọ́n lù lánàá mọ́ ọn. Gbọ̀ngàn yẹn ni olùrà ń ra! Kí ẹ dín ariwo téèpù kù díẹ̀, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá nù ún kọjá ààlà, dídún irin jáàsì yóò bá ariwo lọ. Ìṣẹ́jú 17 gba ojú kan àwo ńlá dáadáa, ẹ má gé e. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ "progressive rock" (rọ́ọ̀kì gígùn tó ń yí ìlù padà) sára páálí rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn bàbá méjèèjì bóyá orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn ní 1974.

ỌmọOlósùnta

Mo ti padà dé. Polyester ni téèpù náà, kò sì lẹ̀, nítorí náà a kò yan án. Ọ̀gá akọrin jẹ́ kí n gba ohùn dùùrù sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó mẹ́ta kò dún mọ́, a sì bá ohùn méje tó wà nínú orin náà nínú àwọn tó ṣì ń dún. Ti téèpù ga ju ti dùùrù lọ ní bí ìwọ̀n 6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá 47 tí Bàbá sọ mu gẹ́lẹ́. Táyé ló bá mi fà á sílẹ̀, ó sì ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá olórin.

Mo gbé e lọ sí Ìjerò lánàá. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí láì sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lu orí ìjókòó ní gbogbo ibi tí ìlù ti yí. Nígbà tí ajá náà gbó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ti katikísì ni, pé ó máa ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá sí ìdánrawò, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Mo ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí oníṣòwò. Kò tíì dá mi lóhùn.