Nọ́ọ̀tì oníke ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì: ṣé mo lè dá ti àtijọ́ padà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá

Bàbá Hassana (Táńkẹ̀), ọjọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ fúnra mi nínú ọgbà ilé, mo sì ti tú èyí tó wà nínú rẹ̀ tán kí n tó fura pé ike ni nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde, kì í ṣe irin. Ẹnì kan tí mo pè sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo irú rẹ̀. Òmù-Àrán là ń lọ láàárọ̀ ọ̀la fún ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi, aago mẹ́fà la sì gbọ́dọ̀ gbéra. Ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí n wá tuntun lọ? Níbo ni mo ti lè rí i lálẹ́ yìí?

Alfa Onímọ́tò
Ẹ gba òpópónà Táíwò lọ nísinsìnyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ Jámánì ni kí ẹ lọ, nítorí àwọn tó ń ta ti Toyota yóò kàn fún yín ní nọ́ọ̀tì onírin tí kò ní bá ihò yẹn mu. Ẹ mú èyí tó wà lọ́wọ́ yín dání kí wọ́n lè fi wé e. Ẹ tètè o, nítorí tí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ẹ ó bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Ọmọ Ọ̀fà
Alfa, ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ Jámánì ni? Ford F-150 tèmi náà, ẹ́ńjìnnì 2.7, ike ni nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń yí i, mo sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì láìsí wàhálà.

Bàbá Hassana
Ẹ má bínú, ìkánjú ni. Volkswagen Golf GTI ti 2015 ni, ti Jámánì ni lóòótọ́.

Ìyá Rùkáyà
Bàbá Hassana, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a padà. Golf bẹ́ẹ̀ ni mo ní. Mekáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ lo nọ́ọ̀tì kan náà fún ìgbà kẹta, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí a kọjá Ìdòfìán tí a ń sún mọ́ Àjàṣẹ́-Ìpo, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn. Àbúrò ọkọ mi tó ń wa ọkọ̀ sọ pé wáyà ló ń yọ wá lẹ́nu, kí a ṣáà dé Àjàṣẹ́ ná. A kò dé ibẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán, tó sì dì gbagidi. Nígbà tí wọ́n yọ nọ́ọ̀tì náà, mo gbà á lọ́wọ́ wọn: rọ́bà róbótó tó yí i ká ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó le bí èékánná, ibì kan lára rẹ̀ sì ti là. Owó tí mo fẹ́ fi kan òrùlé ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀.

Alhaja Fate
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Rùkáyà. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Àwọn mekáníìkì wọ̀nyí!

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: nọ́ọ̀tì ló da ọ́ìlì nù, ẹni tó rí iná pupa tí kò dúró ló pa ẹ́ńjìnnì.

Ìyá Rùkáyà
Ọmọ Ọ̀fà, tí ọ́ìlì kò bá dà nù, ṣé iná yóò tàn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òkú ẹ́ńjìnnì mi ṣe àríyànjiyàn.

Ọ̀gá Mekáníìkì, Gáà Akanbí
Ẹ fara balẹ̀. Nọ́ọ̀tì ti Ford àti ti Golf kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má fi èyí ṣe ìwọ̀n ìyẹn. Àwọn tó ṣe Golf fúnra wọn sọ pé kí a máa fi tuntun sí i ní gbogbo ìgbà tí a bá tú ọ́ìlì, nítorí síìlì, ìyẹn rọ́bà róbótó tó wà lára rẹ̀, ló ń dá ọ́ìlì dúró, kì í ṣe líle tí a bá le e. Bí a bá ti yí i dé ibi tó ti dúró, ó parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kò mọ èyí. Wọn yóò fi irin gígùn le nọ́ọ̀tì náà títí etí ike yóò fi kán. Mo ti rí èyí tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì tí kò jò, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi sí ọkọ̀ oníbàárà mi. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Bàbá Ìbejì
Kí ẹ fi ṣílíkóònù díẹ̀ pa rọ́bà yẹn yíká, kí ẹ dá a padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é.

Ọ̀gá Mekáníìkì, Gáà Akanbí
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Èyí tó bá yọ sínú yóò ya bọ́ sínú ọ́ìlì, yóò sì lọ dí ajọ̀ ẹnu páǹpù ọ́ìlì. Jíjò tí ẹ ń sá fún kò tó ìyẹn.

Ẹnjiníà Sàngó
Èmi kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn. Òkè ni fílítà ẹ́ńjìnnì Golf yẹn wà, ẹ lè ti ojú ihò ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì fa gbogbo rẹ̀ jáde pẹ̀lú páǹpù ọwọ́, láìwọ abẹ́ ọkọ̀ rárá.

Alhaja Fate
Ẹnjiníà, ó ti tú u dànù o.

Bíríkìlà Ọmọlúàbí
Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí ẹ tú yẹn ńkọ́, Bàbá Hassana? A ń wá irú rẹ̀ láti fi pa pákó kí a tó da kọnkéré, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

Bàbá Hassana, aago mẹ́sàn-án alẹ́
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo dé Táíwò, ṣọ́ọ̀bù méjì péré ló ṣí, kò sì sí èyí tó ní i. Mo fi aṣọ tó mọ́ nu ti àtijọ́, mo fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀ yíká, ó ṣì rọ̀, kò sì là. Mo fi ọ́ìlì tuntun pa á, mo yí i títí ó fi dúró, mo bu lítà 5.7 sínú ẹ́ńjìnnì, mo sì tan án fún ogún ìṣẹ́jú lórí páálí. Páálí náà gbẹ. Òun la ó gbé lọ.

Ìyá Rùkáyà
Kí ni ẹ wá bèèrè sí nígbà náà?

Ọ̀gá Mekáníìkì, Gáà Akanbí
Ẹ mú gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan dání. Ẹ dúró ní Àjàṣẹ́, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí iná pupa bá tàn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Hassana, ọjọ́ Àìkú
A ti padà dé. Mo wo abẹ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ àti ní Òmù-Àrán, ọ́ìlì kò dín lára ọ̀pá. Ìyàwó mi kò bá mi wọ̀ ọ́ ṣá o. Ó ka ọ̀rọ̀ Ìyá Rùkáyà, ló bá wọ ọkọ̀ èrò lọ. Bíríkìlà, kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì náà wà lẹ́yìn ilé, ẹ wá gbé e.