Àbájáde: Ansible ti wọlé sórí Ubuntu 24.04

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi ni pé pip (irinṣẹ́ tó ń fi ètò Python sórí ẹ̀rọ) kọ̀ láti fi Ansible, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń darí ọ̀pọ̀ sáfà láti ibì kan, sórí ẹ̀rọ; "externally-managed-environment" ló ń kọ, ìyẹn ni pé Ubuntu fúnra ẹ̀ ló ń bójú tó Python yẹn. Pipx, tó ń fi ètò Python kọ̀ọ̀kan sí àyíká tiẹ̀, ló yanjú ẹ̀:

sudo apt install pipx
pipx install --include-deps ansible
pipx ensurepath

Ẹ má yọ --include-deps kúrò o: òun ló ń jẹ́ kí àwọn àṣẹ bí ansible-playbook náà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ti terminal pa, kí ẹ tún un ṣí.

Venv (àyíká Python tó dá dúró, téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe) náà ṣiṣẹ́, àmọ́ kéèyàn máa activate ẹ̀ ní gbogbo ìgbà ti sú mi. Mi ò fọwọ́ kan --break-system-packages, tó ń fipá mú pip ṣiṣẹ́; ó lè ba Python tí Ubuntu fúnra ẹ̀ ń lò jẹ́.

Ó ku sáfà kan tó ṣì ń gba password. Sshpass (irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi password sílẹ̀ fún SSH) ni Ansible fi ń dá a lóhùn báyìí, mi ò tíì gbé kọ́kọ́rọ́ SSH, tí kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè password, débẹ̀.