Gbó, ṣá, pọ́n: kí la máa pe ohun tí oòrùn ń ṣe sí ọ̀rá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fà láti ijọ́sí lórí orúkọ tí a máa fún ìtànṣán ultraviolet àti ohun tó ń ṣe sí ọ̀rá (plastic), èmi náà fẹ́ dá sí i. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ifẹ̀ ní ká pe ìtànṣán náà ní "ìtànṣán agbóná", ká sì pe ìbàjẹ́ tó ń ṣe ní "jíjóná". Àǹtí wa kan ní "ìtànṣán àìrí" ló dùn ún gbọ́ jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ti agbóná yẹn rárá.

Ooru iná ìdáná tó ń ta wá lára kí a tiẹ̀ tó sún mọ́ ààrò, ìtànṣán ti ẹ̀yìn pupa (infrared) nìyẹn, apá kan òṣùmàrè ló wà, èyí tí à ń wí wà lápá kejì pátápátá, ó ti kọjá ibi tí elésè àlùkò parí sí, ìwọ̀n ìgbì rẹ̀ ò tó nanometer 400. Johann Ritter, ọmọ Jámánì kan, ló rí i ní 1801. Ó jẹ́ kí oòrùn gba inú gíláàsì tó ń pín àwọ̀ kọjá, ó wá ń fi silver chloride sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tó máa yára sọ ọ́ di dúdú, àṣé ibi tó ti kọjá elésè àlùkò, níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an ló ti ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà "ìtànṣán kọjá-àlùkò" ni mo dìbò fún. Ó gùn díẹ̀ lẹ́nu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n "àìrí" ò lè dá dúró, ìgbì rédíò náà ò ṣe é rí, x-ray náà ò ṣe é rí, èwo la fẹ́ pè nínú wọn?

Ibi tí ìjà wà gan-an ni ìbàjẹ́ yẹn. Ọmọ òṣómàáló ni wá ní Iléṣà, àwọn bàbá wa ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó máa da "aṣọ yìí ti ṣá" pọ̀ mọ́ "aṣọ yìí ti gbó" níwájú wọn. Àdìrẹ lè ṣá kó má tíì gbó, aṣọ funfun lè gbó gbuuru láìní aró kankan tó fẹ́ ṣá. Kí ló dé tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó kan ọ̀rá?

Polyethylene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá, òun fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gba kọjá-àlùkò sára, àwọn ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú ẹ̀rọ ló ń gbà á, ìyẹn ló ń fa wàhálà, atẹ́gùn ọ́ksíjìn á wá bá a dá sí i, ẹ̀wọ̀n mólékù gígùn tó so ọ̀rá ró á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Ẹ wo tapólì búlúù tí wọ́n fi ń bo kòkó lágbàlá. Ẹ tú ibi tó ká pọ̀ wò, inú ibẹ̀ ṣì búlúù dáadáa, ó ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n apá tí oòrùn ń pa, ìka méjì tó láti fà á ya, fọ́nrán rẹ̀ á máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lé yín lẹ́sẹ̀. Ó ṣá, ó sì tún gbó. Ọ̀rá mímọ́ gaara tí wọ́n fi ń ṣe ilé fún irúgbìn tòmátì ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ yí padà, atẹ́gùn kékeré á sì fà á ya. Gbígbó nìyẹn, kò sí ṣíṣá níbẹ̀.

Ti PVC, irú ọ̀rá mìíràn, tún yàtọ̀. Ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì ìjẹun, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, torí gíláàsì fèrèsé kì í dá gbogbo kọjá-àlùkò dúró. Gáàsì hydrogen chloride ló ń jáde lára rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ló ń mú àwọ̀ yẹn wá. Kò ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe máa ṣá? Ó pọ́n ni. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Ó ku àwọn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè pẹ́. Ẹnìkan ti dá "amúdúró" lábàá fún gbogbo wọn, ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò papọ̀ o. Carbon black, ẹ̀tù dúdú bí èédú, tó mú kí táǹkì omi dúdú pẹ́ lójú oòrùn ń mu ìtànṣán náà ni, "amutànṣán" bá a mu. Àwọn tí wọ́n ń pè ní HALS (hindered amine light stabilisers) kì í mu ìtànṣán, àwọn èérún oníjà (free radicals) tó jáde lára ẹ̀wọ̀n tó já ni wọ́n ń mú rọlẹ̀ kó má baà ran ìyókù, oògùn tó ní sulphur tí àgbẹ̀ bá fín sí ọ̀gbìn ló sì máa ń sọ wọ́n di aláìlágbára. "Apẹ̀tù" ni mo fẹ́ pe ìyẹn, torí ó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀. Kí àwọn ará Ìpetumodù, tí oyè ọba wọn jọ ọ́, má ṣe bínú sí mi o.