Ara wà, orúkọ ti lọ: ohun tí Save As fi ojú mi rí

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n ro tèmi. Bàbá kan gbé oríkì ìdílé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ogójì ojú ewé àfọwọ́kọ, pé kí n tẹ̀ ẹ́ kí àwọn ọmọ wọn ní London lè rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fara balẹ̀. Mo dá style mẹ́ta (orúkọ tí a kó ìrísí irú ìpínrọ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀) sílẹ̀ fúnra mi: "Oríkì Ìdílé", "Òwe" àti "Àlàyé". Bí bàbá bá ní kí lẹ́tà oríkì tóbi sí i, ibì kan ṣoṣo ni màá fọwọ́ kàn, gbogbo rẹ̀ á yí padà.

Mo tẹ Save As, àṣẹ tó ń tọ́jú iṣẹ́ sí fáìlì mìíràn, mo yan web page, irú fáìlì tí à ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rẹwà lójú. Àṣé fáìlì mi kọ́ ni mo ń wò mọ́! Inú web page yẹn ni mo wà tí mo ń tẹ àtúnṣe bàbá sí fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, mo wá "Oríkì Ìdílé" títí, mi ò rí i. Gbogbo ìpínrọ̀ ló ń jẹ́ Normal, style tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń fún ìpínrọ̀. Ìrísí wọn ò yàtọ̀ o, àmọ́ kálukú ti ń dá ru ẹrù ìrísí tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo tún wọn ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú mọ́ mi létí.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ti yín tiẹ̀ sàn. Encoding (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà pamọ́) àtijọ́ ni tèmi fi tọ́jú web page, Windows-1252, tí kò ní ẹ, ọ àti ṣ. "Ọmọ" di "?m?". Á àti è yè é, torí àwọn Faransé àti Potogí náà ń lò wọ́n. UTF-8, encoding tó ní gbogbo lẹ́tà wa, ni mo ń yàn báyìí.

Ọmọ Ẹ̀rọ
Ẹ̀gbọ́n, HTML, èdè tí a fi ń kọ web page, ò mọ oríkì. Àkọlé mẹ́fà ló mọ̀, h1 dé h6, pẹ̀lú p fún ìpínrọ̀ àti àwọn àmì mìíràn tí a ti yàn fún un. Orúkọ tí ẹ fúnra yín sọ style gbọ́dọ̀ wọ inú class, àyè orúkọ lára àmì HTML, kí CSS, èdè tó ń ṣètò ìrísí, tó lè sọ bó ṣe máa rí. Ibẹ̀ ni èmi náà kó sí: "Orin Ìjọ" ni mo pe tèmi, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú class. Àlàfo àárín orúkọ yẹn pín in sí méjì, "Orin" lọ́tọ̀, "Ìjọ" lọ́tọ̀. OrinIjo ni mo ń kọ báyìí, bó tilẹ̀ ń dùn mí láti bọ́ àmì ohùn lára rẹ̀. Fáìlì .docx (ti Word) tàbí .odt (ti LibreOffice) ni kí ẹ fi ṣe ìyá. Ẹ̀dà ni web page. Bí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ tán, ẹ tì í kíá, kí ẹ padà sínú ìyá.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá tún pè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn gbàgbé oríkì ìdílé ìyá wọn.